Ọ̀mì Tí Haskamp Ń Wá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbá eré tó gbẹ̀yìn lọ́dún náà, oúnjẹ kọ̀, kò lọ lọ́fun Verlin Haskamp. Marlys ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹyin àti ọ̀dùnkún díndín síwájú rẹ̀. Ó ń fi fọ́ọ̀kì tì í síhìn-ín, ó ń tì í sọ́hùn-ún.

"Tó bá jẹ́ pé eré lo fẹ́ bá ọ̀dùnkún yẹn ṣe, sọ fún mi kí n gbé e fún ajá," ni Marlys wí.

"Inú mi ò gbà á ni."

"Inú ẹ kì í gbà á ní gbogbo Sátidé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó fi tipátipá jẹ díẹ̀. Tọkọtaya náà mọ ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n kàn ń rọra sọ̀rọ̀ ni kí Jolene ọmọ wọn má baà gbọ́ láti yàrá rẹ̀. Lóṣù kẹjọ, ìgbìmọ̀ tó ń darí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tilden Fork ti pe Haskamp jókòó, wọn ò sì fepo bọyọ̀. Eré mẹ́wàá ni wọ́n máa gbá lọ́dún náà. Bí iye tó bá borí bá fi ẹyọ kan ṣoṣo ju iye tó pàdánù lọ, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá jù ú lọ, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ọdún tó parí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sì ni ilé tí wọ́n ń gbé. Ìlú keje nìyí tí bọ́ọ̀lù gbé Marlys dé, ó sì ku ọdún kan péré kí Jolene jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Haskamp ti fi ẹnu ara rẹ̀ búra fún ọmọ náà pé ibí ni yóò ti ṣe é parí. Ẹni tó bá sì búra fún ọmọ tó ti sunkún kúrò ní ìlú méjì, ó yẹ kó mọ ohun tí òun ń sọ.

Wọ́n ti gbá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọ́n borí nínú márùn-ún, wọ́n pàdánù mẹ́rin. Arden Bluff ni wọ́n máa bá gbá ẹyọ tó kù. Arden Bluff kan náà tó ti ń lu Tilden Fork bí ẹni lu bàrà láti ọdún mẹ́wàá!

Ká sọ tòótọ́, Haskamp kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò mọṣẹ́, kì í sì í ṣe àgbà ọ̀jẹ̀. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá, ó ti borí nígbà méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó ti pàdánù nígbà mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ó sì ti gbá ọ̀mì mẹ́rin. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ kò ní mọ̀ bóyá kó yìn ín ni àbí kó káàánú rẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe fún gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ilẹ̀ Nebraska nìyẹn. Àwọn ọmọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ló ń kán lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá wọn ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iye tó borí àti iye tó sọ nù.

Pápá kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Atẹ́gùn oṣù kọkànlá ń fẹ́ bọ̀ láti orí oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè, ó ń gé ènìyàn létí. Àwọn ará ìlú da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan, wọ́n ń jẹ rùnsà, ẹran àti kábéèjì ń yọ lẹ́nu búrẹ́dì rẹ̀, wọ́n sì ń fi kọfí gbígbóná tì í lọ́fun. Àwọn èrò Arden Bluff tó wà ní òdìkejì kò sinmi ẹnu.

"Haskamp! Ọdún mẹ́wàá! Ẹ kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wá jókòó tì wá!"

"Ẹ rọra bú u jàre! Òun ló ń bọ́ wa!"

Haskamp ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Marlys tó jókòó ní ìlà kẹta gbọ́ ní tirẹ̀, ó sì yíjú pa dà dáadáa kó lè rí ojú ẹni tó wí bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá ni. Ẹni tó bá ń retí gólù, kó gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá gbé e dé ìpẹ̀kun pápá lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀, ààmì mẹ́fà ni tirẹ̀. Títí eré fi ń lọ sópin, mẹ́rìnlá ni Arden Bluff ní, Tilden Fork ní méje. Haskamp ti rìn lọ rìn bọ̀ létí pápá títí koríko ibẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Orrin Lindahl, igbákejì rẹ̀, kò sún mọ́ ọn, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lásìkò náà yóò gbọ́ èébú.

Ìgbà náà ni Rodney Kucera bẹ̀rẹ̀ sí í dárà. Òun ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, òun ló ń pín in fún àwọn yòókù. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ẹni ọdún méjìlélógún, ọdún rẹ̀ tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sì nìyí. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lòun náà fẹ́ ṣe, ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà sì ti ṣèlérí pé àwọn máa gbà á. Ó ju bọ́ọ̀lù síwá, wọ́n gbà á. Ó jù ú sẹ́yìn, wọ́n gbà á. Wọ́n gbé e ṣubú, ó dìde, ó tu koríko dà nù lẹ́nu. Nígbà tí aago ń sáré lọ sópin, tí Haskamp ti di àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ra bí ẹni ń gbàdúrà, Kucera ju bọ́ọ̀lù kan sí igun pápá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fò sókè, ó gbà á, ó sì bá a ṣubú sínú ibi tó yẹ kó ṣubú sí. Ariwo ta, aago sì tán. Mẹ́tàlá ti di ti Tilden Fork, mẹ́rìnlá sì ni ti Arden Bluff.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Lẹ́yìn mẹ́fà, wọ́n á tún fún ọ láǹfààní ẹ̀ẹ̀kan péré, ìwọ lo sì máa yan èyí tó wù ọ́. Bí o bá fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì, ààmì kan ni. Bí o bá tún gbé e wọlé, ààmì méjì ni. Vossler tó ń gbá a fún Tilden Fork kò tíì tàsé rí lọ́dún náà. Gbígbé e wọlé ní tirẹ̀, bóyá-bóyá ni. Láyé ìgbà náà kò sì sí àfikún àkókò: bí ààmì bá dọ́gba tí fèrè dún, ọ̀mì ni, kálukú á máa lọ sílé rẹ̀.

Haskamp kò nílò kó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìborí márùn-ún, ìpàdánù mẹ́rin, ọ̀mì kan. Márùn-ún ju mẹ́rin lọ. Jolene á parí ìwé rẹ̀, Marlys á gbin òdòdó rẹ̀ nígbà tí yìnyín bá yọ́. Ó ní kí rẹfirí dá eré dúró díẹ̀, ó sì pe àwọn ọmọ náà mọ́ra.

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ ká gbé e wọlé!" Kucera ló kọ́kọ́ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ wo gbọ̀ǹgbọ̀nràn yẹn, ó ń mí bíi màlúù tó fẹ́ bímọ!"

"A máa gbá a," ni Haskamp wí.

"Ká gbá a kẹ̀? Ọ̀mì?"

"O gbọ́ mi."

"Kóòṣì, ọdún mẹ́rin! Kò sí ẹnì kan nínú wa tó borí wọn rí. Ta ló máa ń délé lọ sọ fún bàbá ẹ̀ pé òun bá Arden Bluff gbá ọ̀mì?"

Gbogbo àwọn yòókù ń wo ẹnu Haskamp. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀: Rodney, ilé mi ló wà nídìí bọ́ọ̀lù yìí. Gbólóhùn kan péré ni. Lindahl tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gbójú sókè, ó ń retí rẹ̀. Ojú sì ti Haskamp. Ó wo ara rẹ̀, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó fẹ́ máa bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lé òun níṣẹ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Èwo nínú wa ni kóòṣì?" ló fi jágbe mọ́ Kucera.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Lọ gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún Vossler nígbà náà."

Wọ́n pa dà sí pápá. Haskamp gbé ìkúùkù sókè kí gbogbo wọn lè rí i: bí ó bá jẹ́ ìkúùkù, wọ́n á gbá a, bí ó bá jẹ́ ìka méjì, wọ́n á gbé e wọlé. Kucera kúnlẹ̀ níwájú Vossler, torí òun ló máa ń gba bọ́ọ̀lù tí yóò sì gbé e nàró sílẹ̀ fún un. Bí bọ́ọ̀lù bá wá lódìlódì, kó gbé e kó sá, òfin wọn nìyẹn. Bí ó bá wá dáadáa, kó gbé e kalẹ̀.

Bọ́ọ̀lù wá dáadáa. Haskamp rí i, ó wá geere, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Kucera bí ẹyin. Vossler ti gbẹ́sẹ̀. Kucera sì dìde, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó kọjú sí apá ọ̀tún, ó fi eré sí i.

"Rárá!" ni Haskamp kígbe, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń kígbe nígbà náà, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀?

Ọ̀nà ṣófo níwájú ọmọ náà lóòótọ́. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó fo ẹnì kejì. Ó ku bí ìgbésẹ̀ méjì kó wọlé nígbà tí gbọ̀ǹgbọ̀nràn tó pè ní màlúù ya lù ú láti ẹ̀gbẹ́. Ó na ọwọ́ tòun ti bọ́ọ̀lù síwájú bó ti ń ṣubú. Rẹfirí sáré dé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì mi orí. Bọ́ọ̀lù ò dé ìlà, ìbú ọwọ́ kan ló kù. Mẹ́rìnlá sí mẹ́tàlá, eré parí.

Nígbà tí Haskamp dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Kucera ṣì dojú bo koríko.

"Kí lo ṣe?"

"Apá ọ̀tún ṣófo, Kóòṣì. Ó ṣófo bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo rí i, mi ò wá mọ ìgbà tí mo dìde."

"Mo ní kẹ́ ẹ gbá a."

"Mo mọ̀, sà. Mo rí ọwọ́ yín." Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá gbé e wọlé, inú yín máa dùn."

Bí ẹ bá ní kò wu Haskamp kó gbá ọmọ náà létí, ẹ ń purọ́. Ó fa á dìde ní kọ́là aṣọ. "Má bá oníwèé ìròyìn kankan sọ̀rọ̀," ló sọ fún un. "Lọ wẹ̀."

Haskamp kò tíì bọ́ fìlà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lábẹ́ àga àwọn òǹwòran nígbà tí Lenore Aldous, ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wọlé tó sì ti ilẹ̀kùn. Òun ló gbà á síṣẹ́, òun nìkan ló sì ń gbèjà rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀.

"Verlin, jókòó."

"Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ìgbìmọ̀ wà ní yàrá kejì, wọ́n ń dúró dè mí. Dale Stroud tó wà láàárín wọn ní ìkúùkù lo gbé sókè. Ó ní òun rí i kedere."

Haskamp bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Fetí sí mi dáadáa," ni Aldous wí. "Tó bá jẹ́ ìwọ lo ní kó sá, tó o fi iṣẹ́ ara ẹ ta tẹ́tẹ́ nígbà tí ọ̀mì ti wà lápò ẹ, kò sóhun tí mo lè sọ tí wọ́n máa gbọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o ní kí wọ́n gbá a, tó sì jẹ́ pé ọmọ yẹn ló ṣe tinú ẹ̀, mo lè bá wọn jà, mo sì máa borí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ."

Stroud! Òun gan-an ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tó ṣèlérí iṣẹ́ fún Kucera. Ọ̀gá wo ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó ṣàìgbọràn sí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ lójú gbogbo ìlú? Haskamp mọ irú ìlú tí òun wà. Bí ọmọ náà bá hewú níbẹ̀, àwọn tó ń gẹrun nílé onígbàjámọ̀ á ṣì máa pè é ní ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sá. Ṣùgbọ́n inú ń bí Haskamp sí ọmọ náà, inú ń bí i gidi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ, òtítọ́ sì ni. Kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Jolene wà nílé, ó ń dúró láti gbọ́ bí eré ṣe parí. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ojú Kucera létí pápá sì wá sí i lọ́kàn, bó ṣe ń bi í léèrè, tí òun sì ń jágbe mọ́ ọn.

"Èmi ni," ló wí.

"Kí ni ìkúùkù wá ń ṣe lókè?"

"Ẹ̀tàn ni. Mo fẹ́ kí Arden Bluff rò pé gbígbá la fẹ́ gbá a."

Aldous wò ó títí. "Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, o ò tan ẹnikẹ́ni rí lórí pápá. Ara ohun tó ń jẹ́ kó o pàdánù nìyẹn."

"Ẹ wá rí i pé mo ti ń kọ́ ọ."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ohun tó o fẹ́ kí n lọ sọ fún wọn nìyẹn, Verlin? Tí mo bá ti jáde níbí, kò ní rọrùn láti yí i pa dà mọ́."

"Òun ni."

Ó jáde. Haskamp gbọ́ ohùn wọn lára ògiri, ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ń ti àga sẹ́yìn. Wọn ò pẹ́ rárá.

Marlys ò tíì bọ́ kóòtù nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé. Inú kíṣìnnì ló dúró sí.

"Mo rí ìkúùkù ẹ."

"Marlys—"

"Mo mọ ìkúùkù, mo mọ ìka méjì, mo mọ èyí tó o fi máa ń họ imú. Ìkúùkù lo gbé sókè. Aldous wá pè mí lórí fóònù pé o ní ìwọ lo ní kó sá. Ó ní kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú."

"Mo ti sọ tèmi."

"Ọmọ ọlọ́mọ lo gbà sílẹ̀! Tìrẹ ńkọ́? Ta ló máa wọ yàrá yẹn lọ sọ fún un?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni dájúdájú, torí èmi ò lọ."

Haskamp jókòó sórí àga ìdáná. "Mi ò sọ fún wọn, Marlys. Ọmọ yẹn ń bi mí pé kí ló dé, mo wá ń pariwo mọ́ ọn pé èmi ni kóòṣì. Ká ní mo sọ fún un pé ilé wa ló wà nídìí ẹ̀, kò ní gbé ẹsẹ̀ kan. Ojú ló tì mí. Ẹ̀bi tèmi ni."

"Ẹ̀bi tìẹ ni," ni Marlys wí, kò sì fi nǹkan kan tù ú nínú. Ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Haskamp dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Jolene. Ọmọ náà ò pariwo. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì kọjú sí ògiri. Ì bá sàn fún bàbá rẹ̀ ká ní ó pariwo.

Ìwé ìròyìn gbé e pé Haskamp ti kúrò: ìborí méjìdínláàádọ́rùn-ún, ìpàdánù méjìdínláàádọ́rùn-ún, ọ̀mì mẹ́rin. Nílé onígbàjámọ̀, wọ́n ń pe ìsáré náà ní wèrè Haskamp. Wọ́n káàánú Kucera pé ọ̀gá aláìnírònú ló rán ọmọlúwàbí níṣẹ́ tí kò ṣe é jẹ́. Marlys gbọ́ ọ níbi tó ti ń ra wàrà, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń pa ẹnu mọ́. Kò bá Kucera sọ̀rọ̀. Bó bá rí i lójú ọ̀nà, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kó lọ, àwọn ọmọ tó wà ní ọdún ìkẹyìn wá bá ọ̀gá wọn di ẹrù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àwọn aládùúgbò náà jáde, kálukú gbé nǹkan kan dání. Kucera ló dé kẹ́yìn. Ó gbé àga méjì jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó gbé tábìlì, àfi bó ṣe dúró lójijì láàárín àgbàlá tó sì sọ àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ Arden Bluff yẹn, kì í ṣe Kóòṣì ló—"

Haskamp wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló há sí, kò lè ráyè jáde.

"Rodney Kucera!"

Marlys ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Dígí gàgàrà kan ló gbé mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Ojú Kucera funfun bí ẹni tó rí òkú.

"Wá gba dígí yìí lọ́wọ́ mi," ni Marlys wí. "Ti ìyá mi ni. Má wulẹ̀ dúró máa rojọ́ fún mi níbẹ̀. Tó o bá sì fọ́ ọ, màá sọ fún gbogbo ìlú yìí pé ìwọ ni."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Kucera ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo obìnrin náà, ó sì yé e pé Marlys ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba dígí náà, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń rìn lórí yìnyín, omijé ń bọ́ sí àyà aṣọ rẹ̀, kò sì rí ọwọ́ tó máa fi nù ún. Haskamp ti jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nígbà náà. Ó bá a gba ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì jọ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé dígí náà.